Ìbẹ̀rù Kò Ní Àsìkò: Ìtàn Àwa Olólùfẹ́ Sinimá Adẹ́rùbani

Bí oṣù kẹwàá ọdún bá ti wọlé ní ìlú òyìnbó yìí, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀. Àwọn ilé ìtajà a kó elégédé síta fún àwọn tí yóò gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, wọn a máa ta aṣọ òkú àti ti àjẹ́ fún àwọn ọmọdé, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n a sì máa fi sinimá adẹ́rùbani hàn lálaalẹ́. Bí ọjọ́ 31 oṣù náà bá ti kọjá, wọn a palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, ó di àmọ́dún. Ṣùgbọ́n àwa kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí, a kò sì kéré níye, tí ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé oṣù Ọ̀pẹ̀ ni a ń wo òkú amùjẹ̀, iwin, àǹjọ̀nnú àti òkú tí ń rìn. Àwọn ará ilé a máa bi wá pé kí ni a ń wá nínú ohun tí ń lé oorun lọ lójú ẹni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yípo ọdún, nǹkan ń ṣe é.

Ìbéèrè àtijọ́ ni, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń bi àwọn bíi tiwa. Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ìtàn fi yé wa ni pé àwọn tí kò fi sinimá adẹ́rùbani ṣe ọ̀rọ̀ oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n fà á yọ nínú iná, nínú kóòtù àti nínú ìgbàgbé. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìdálẹ̀.

Ta ni ó fún ìbẹ̀rù ní àsìkò?

Nílé wa, ohun tí ń dẹ́rù bani ní àkókò tirẹ̀. Egúngún ní ọdún, Orò ní ọjọ́, àlọ́ sì ní àṣálẹ́. Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe oṣù kẹwàá. Ìgbà Kérésìmesì ni wọ́n máa ń sọ ìtàn iwin láyé àtijọ́, nígbà tí òtútù bá mú, tí gbogbo ará ilé sì jókòó yí iná ká. Oṣù kejìlá ọdún 1843 ni Charles Dickens gbé ìwé A Christmas Carol jáde, níbi tí òkú oníṣòwò kan ti fi ẹ̀wọ̀n wọ́lẹ̀ wá bá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò. M. R. James, àgbà ọ̀mọ̀wé kan ní Cambridge, a máa ka àwọn ìtàn iwin tí ó kọ sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àsìkò kan náà. Nígbà tí ó di ọdún 1971, BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré iwin kan hàn ní Kérésìmesì lọ́dọọdún, wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di ọdún 1978. Ní ti ọdún elégédé, àwọn ará Ireland àti Scotland tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé e dání. Amẹ́ríkà ni ó ti di ọjà ńlá kí ó tó tún sọdá òkun padà wá.

Sinimá ní tirẹ̀ kò mọ àsìkò kankan. Ẹ wo bí àwọn tí ó lókìkí jù ṣe jáde. Dracula tí Bela Lugosi ṣe jáde ní oṣù kejì ọdún 1931, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ń fi káàdì ránṣẹ́ sí ara wọn. King Kong jáde ní oṣù kẹta ọdún 1933. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Hammer ní Ìlú Ọba tún ìtàn Frankenstein ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ pupa, oṣù karùn-ún ọdún 1957 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kẹfà ọdún 1960 ni Alfred Hitchcock gbé Psycho jáde, nínú ooru. Oṣù kẹfà kan náà ni Jaws jáde ní ọdún 1975, tí ẹ̀rù òkun sì ba àwọn tí ń múra láti lọ lúwẹ̀ẹ́. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni The Exorcist, tí ẹ̀mí èṣù ti gbé ọmọdébìnrin kan wọ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1973 ni ó jáde, ọjọ́ kejì Kérésìmesì gan-an, èrò sì tò lọ bẹẹrẹbẹ nínú òtútù láti wò ó.

Ta ni ó wá so ó mọ́ oṣù kẹwàá? Ọjà ni. Ní ọdún 1978, John Carpenter ṣe fíìmù kékeré kan tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọdún elégédé, ó sì fi orúkọ ọdún náà, Halloween, pè é. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò ju nǹkan bí 325,000 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà nìkan, ó mú ohun tí ó ju 40 mílíọ̀nù dọ́là wọlé. Wọ́n gbé apá kejì rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1981. Àwọn oníṣòwò ti rí ọjọ́ ọjà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló dé tí a ń wo òkú amùjẹ̀ ní oṣù kẹrin, kí á bi òun náà pé ta ni ó sọ fún un pé oṣù kẹwàá ni òkú amùjẹ̀ ń jí.

Àwọn tí kò dúró de oṣù kẹwàá

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sinimá kò ka irú eré yìí sí nǹkan gidi. Bí fíìmù bá ti parí ìrìn rẹ̀ káàkiri ilé sinimá, wọn a jù ú sí àká. Tẹlifíṣọ̀n ni ó kó wọn jáde. Ní ọdún 1954, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maila Nurmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ògbólógbòó fíìmù hàn lóru ní Los Angeles, nínú aṣọ dúdú gbọọrọ, pẹ̀lú èékánná tí ó gùn bí ìka. Vampira ni ó pe ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ Screen Gems kó fíìmù 52 jọ láti inú àká Universal, wọ́n pè wọ́n ní Shock!, wọ́n sì ń yá wọn fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri Amẹ́ríkà. Ìlú kọ̀ọ̀kan yan atọ́kùn tirẹ̀. Ẹlòmíràn a múra bí asìnkú, ẹlòmíràn bí òkú fúnra rẹ̀, wọn a sì máa bá fíìmù náà ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ̀rù má baà pa àwọn ọmọdé jù. John Zacherle, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia kí ó tó lọ sí New York, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Báyìí ni ìbẹ̀rù ṣe di ohun ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní ọdún 1931 wá ń mọ Boris Karloff bí ẹni mọ ará ilé.

Ní ọdún 1958 ni James Warren àti Forrest J Ackerman tẹ ìwé ìròyìn kan jáde fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, Famous Monsters of Filmland. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn láti tẹ̀. Ọjà rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi dáwọ́ dúró títí di ọdún 1983. Àwọn tí wọ́n kà á lọ́mọdé ni wọ́n dàgbà di òǹkọ̀wé àti olùdarí fíìmù, Stephen King àti Steven Spielberg wà nínú wọn. Ackerman fúnra rẹ̀ kò ṣe ju olólùfẹ́ lọ. Ó kó àwòrán, ìwé, ìbòjú àti àwọn ohun èlò fíìmù jọ kún ilé rẹ̀ ní Los Angeles, a sì máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní ọjọ́ Sátidé láti wá wò wọ́n. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kà sí pàǹtí ni ọkùnrin yìí ń tọ́jú bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní Ìlú Ọba níhìn-ín, BBC2 a máa fi fíìmù adẹ́rùbani méjì-méjì hàn ní alẹ́ Sátidé. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, láàárín ọdún 1975 sí 1981, nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ń kọ̀wé lórí sinimá lónìí ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn fíìmù tí kò rí olùtọ́jú. Nosferatu, tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní ọdún 1922, gba ìtàn Dracula láìgba àṣẹ. Florence Stoker, opó ẹni tí ó kọ ìwé náà, pè wọ́n lẹ́jọ́, kóòtù sì pàṣẹ ní ọdún 1925 pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tí ó ti rìn lọ sí òkè òkun ni kò jẹ́ kí ó parẹ́. London After Midnight, tí Lon Chaney ṣe ní ọdún 1927, kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Iná tí ó jó àká MGM ní ọdún 1965 jó ẹ̀dà ìkẹyìn tí a mọ̀, láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó tún rí i wò. Gbogbo ènìyàn gbà pé The Old Dark House, tí James Whale ṣe ní ọdún 1932, náà ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n Curtis Harrington, olùdarí fíìmù tí ó fẹ́ràn irú eré yìí láti kékeré, kò gbà. Ó ń yọ Universal lẹ́nu ṣáá, títí wọ́n fi rí i nínú àká wọn ní ọdún 1968. Ẹnìkan tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú ni ó jẹ́ kí a rí fíìmù yẹn wò lónìí.

Nígbà tí ìfẹ́ di ẹ̀sùn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn aláṣẹ Ìlú Ọba ti ń fura sí irú fíìmù yìí. Ní ọdún 1932, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sinimá wò bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà H sára wọn láti kìlọ̀ fún àwọn òbí. Nígbà tí ó di ọdún 1937, wọ́n ka H léèwọ̀ fún ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16. Láti ọdún 1942 títí ogun fi parí ní ọdún 1945, wọn kò fọwọ́ sí ìkankan rárá. Ní ọdún 1951 ni lẹ́tà X rọ́pò H. Freaks, fíìmù ọdún 1932, kò rí ìwé-àṣẹ gbà ní ilẹ̀ yìí títí di ọdún 1963. Odindi ọdún 31 nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀rọ fídíò dé sínú ilé, kò sí òfin kan tí ó mẹ́nu kan kásẹ́ẹ̀tì. Ilé ìtajà kéékèèké a máa fi fíìmù tí wọn kò gé nínú rẹ̀ yáni, pẹ̀lú àwòrán tí ń dẹ́rù bani lára páálí rẹ̀. Mary Whitehouse àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo, àwọn ìwé ìròyìn gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fún àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ní orúkọ ìríra. Olórí agbẹjọ́rò ìjọba tí ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí orúkọ kan ti ń wọlé ni òmíràn ń jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí a ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, 72 ni, nínú èyí tí kóòtù dá 39 lẹ́bi. Ọlọ́pàá ń wọ ilé ìtajà, wọ́n ń kó kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ní ọdún 1984, oníṣòwò kan lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí fíìmù kan ṣoṣo. Ọdún kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé kò gbọ́dọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì tí a ó tà láìgba ìwé-àṣẹ.

A kò sọ pé kò yẹ kí á ṣọ́ ọmọdé. Kò sí ẹni tí yóò mú ọmọ ọdún méje jókòó síwájú The Evil Dead. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dúró lórí ọmọdé nìkan. Ó sọ àgbà tí ó fẹ́ràn fíìmù di afurasí nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ kò torí rẹ̀ jáwọ́. Wọ́n ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ fún ara wọn, wọ́n ń da ẹ̀dà kọ lára ẹ̀dà títí àwòrán fi ń ṣú bàìbàì, wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú àpò lẹ́tà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìwé ìròyìn pélébé láti sọ ohun tí wọ́n rí. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú fíìmù tí ọlọ́pàá ń lé kiri nígbà náà ni ó wà lórí igbá. Ìgbìmọ̀ kan náà fọwọ́ sí The Evil Dead láìgé nǹkan kan nínú rẹ̀ ní ọdún 2001. Ní ọdún 2009 ni wọ́n tún wá rí i pé ìjọba kò fi òfin 1984 náà tó ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù létí bí ó ti yẹ, nítorí náà wọn kò lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Wọ́n sáré tún un ṣe ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010. Ọdún 25 ni òfin náà fi ń dẹ́rù ba àwọn tí ń wo ohun ẹ̀rù, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ dúró dáadáa.

Òkò tí ó ba ará ilé

Ibi tí a dé yìí, kí á rọra sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ Haiti láti ọdún 1915 títí di ọdún 1934. Ní àsìkò náà ni W. B. Seabrook kọ ìwé The Magic Island, ní ọdún 1929, tí ó mú ọ̀rọ̀ òkú tí a jí láti fi ṣẹrú dé etí àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1932, White Zombie jáde. Ẹ̀sìn tí àwọn baba wa kó sọdá òkun nínú ọkọ̀ ẹrú wá di ohun ìdẹ́rùbani lójú sinimá, àwọn ènìyàn dúdú inú rẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ ju kí wọ́n lu ìlù, kí wọ́n yọjú láìsọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n sá.

Àwọn ènìyàn dúdú náà gbé ẹ̀rọ àwòrán lọ́wọ́. Ní ọdún 1940, Spencer Williams kọ Son of Ingagi, ó sì ṣeré nínú rẹ̀, fíìmù adẹ́rùbani tí gbogbo òṣèré rẹ̀ jẹ́ dúdú. Ní ọdún 1968, George Romero yan Duane Jones, ọkùnrin dúdú, láti jẹ́ akọni Night of the Living Dead. Ben la gbogbo òru já lọ́wọ́ àwọn òkú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn alààyè tí wọ́n gbé ìbọn wá gba ènìyàn là ni wọ́n yìnbọn pa á. Ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King náà ni. Àwọn tí wọ́n tà á káàkiri yí orúkọ fíìmù náà padà, wọ́n sì gbàgbé láti fi àmì ẹ̀tọ́ sí i, ni ó bá di ti gbogbo ayé. Àwọn olólùfẹ́ dà á kọ, wọ́n sì pín in káàkiri títí kò fi sí ibi tí kò dé.

Ní ọdún 1972, William Marshall ṣe Blacula, ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà tí ó lọ bẹ Dracula pé kí ó ran òun lọ́wọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú. Ìyẹn sọ ọ́ di òkú amùjẹ̀, ó sì tì í mọ́nú pósí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Bill Gunn ṣe Ganja & Hess, Duane Jones tún wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi hàn ní Cannes. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, àwọn tí ń tà á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ̀dà tí ó pé ṣẹ́ kù sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń lọ wò ó níbẹ̀ títí a fi lè tún un ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni The Believers, tí John Schlesinger ṣe ní ọdún 1987. Ní New York ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn onísìn òrìṣà tí ó ti Cuba wá, ohun tí ń dẹ́rù bani nínú rẹ̀ sì ni pé àwọn kan ń fi ọmọ ènìyàn rúbọ. Lóòótọ́, fíìmù náà gbìyànjú láti ya olùsìn rere sọ́tọ̀ kúrò lára ìkà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni òǹwòran gbé lọ sílé. Ọdún 1987 kan náà ni ìlú Hialeah ní Florida ṣe òfin láti dí ìjọ Lukumí Babalú Ayé lọ́wọ́ kí wọ́n má baà máa fi ẹran rúbọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọbalúayé, ẹ gbọ́ orúkọ náà. Ìjọ náà kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé kóòtù tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1993 gbogbo àwọn adájọ́ náà sì fẹnu kò pé òfin Hialeah kò tọ́. Ẹ̀rù tí a dá sílẹ̀ nínú sinimá àti ẹ̀rù tí ń ṣòfin, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Nítorí èyí ni a ṣe sọ pé ó dára kí á máa wò wọ́n yípo ọdún. Ẹni tí ó bá wo ọ̀kan ní oṣù kẹwàá, ó rí ẹ̀rù, ó pariwo, ó sùn. Ẹni tí ó bá wo ọgọ́rùn-ún a máa mọ ọwọ́ tí ó fa ẹ̀rù náà, a mọ ẹni tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa, a mọ ẹ̀sìn ẹni tí wọ́n fi ń ṣe bojúbojú.

Tiwa ńkọ́?

Kí á tó rí sinimá ni a ti ní ìtàn ẹ̀rù tiwa. D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Amos Tutùọlá mú àwọn iwin wa dé Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín ní ọdún 1952, nígbà tí wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard. Ní ọdún 1979, Hubert Ògúndé, tí ó ti ń ṣe eré orí ìtàgé láti àárín àwọn ọdún 1940, gbé fíìmù Ayé jáde, Jáíyésinmi sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Àjẹ́ kún inú Ayé, òru rẹ̀ sì ṣú dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé The Believers. Nínú ti òyìnbó, ilé olórìṣà ni ẹ̀rù ti ń jáde. Nínú ti Ògúndé, Ọ̀ṣẹ́túrá, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ni adáhunṣe tí ó dúró láàárín ìlú àti àwọn ìkà. Ohun tí ọ̀kan fi ń dẹ́rù bani ni èkejì fi ń tuni nínú.

Síbẹ̀, ojú tí a fi ń wo ti òyìnbó ni kí á fi wo tiwa. Kì í ṣe gbogbo obìnrin arúgbó tí ń dá gbé ni àjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ pé nílé, àwọn kan ti fara gbá ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, wọ́n lé wọn kúrò nílé, wọ́n sì lù wọ́n. Olólùfẹ́ òtítọ́ a máa mọ ibi tí eré parí sí.

Èwo wá ni iṣẹ́ wa? Àwọn fíìmù ọdún 1970 sí 1990 ti ilẹ̀ wa ṣòro láti rí. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kì í ṣe òkúta. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni àwòrán orí rẹ̀ ń parẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì bọ́. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, ni ọ̀pọ̀ rò pé ó ti sọnù. Wọ́n rí i nínú àká ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba ní Jos, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún Shaihu Umar kò yẹ kí ó ṣòro fún àwọn eré tiwa.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí wa tí wọ́n ti pẹ́ ní ìlú yìí kó kásẹ́ẹ̀tì eré Yorùbá wá láti ilé ní àkókò tí fídíò gbòde. Wọ́n wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wà ní òkè àjà. Bí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ má kàn jẹ iyán kí ẹ padà. Ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ kọ orúkọ eré náà, orúkọ àwọn òṣèré àti ọdún tí ó wà lára páálí sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ẹ bi àwọn àgbà bákan náà pé níbo ni wọ́n ti wo Ayé, èrò mélòó ni ó wà níbẹ̀, kí sì ni àwọn ènìyàn ń sọ bí wọ́n ti ń lọ sílé lóru ọjọ́ náà. Kò sí ìwé tí ó ní ìyẹn nínú. Inú wọn nìkan ni ó wà.

Ọdọọdún ni à ń rí orógbó, ọdọọdún ni à ń rí awùsá. Elégédé yóò dé ní oṣù kẹwàá, yóò sì lọ. Ẹ jẹ́ kí àwa máa bá iṣẹ́ lọ ní oṣù mọ́kànlá tí ó kù.